Ẹ̀gún Òòrẹ̀ Lórí Ẹ̀rọ Ògbà

Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ kò tíì lù tí títì Ọba Akran ní Ìkẹjà ti kún fọ́fọ́. Oṣù Kẹjọ ni. Òjò òru ṣì dúró sínú kòtò ẹ̀bá títì, táyà dánfó sì ń ta á sí ṣòkòtò àwọn tó ń sáré débi iṣẹ́. Kọ̀ńdọ̀ kan rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ rẹ̀, ó ń pe Ògbà, ó ń pe Pen, ó ń pe Ìjú, ohùn rẹ̀ sì ti há. Ata díndín obìnrin ẹlẹ́wà Agànyìn gbà mí nímú kí n tó rí ìkòkò rẹ̀. Oníbúrẹ́dì dúró tì í pẹ̀lú àpótí onígíláàsì, nítorí oníbàárà kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń retí.

Mo rìn ín ni, n kò wọkọ̀. Imú la fi ń mọ ibùdókọ̀ ní àdúgbò yìí. Nítòsí ilé-iṣẹ́ ọtí Guinness, tó ti wà níbẹ̀ láti 1962, òórùn ọkà sísè ló gbòde. Bí atẹ́gùn bá ti apá Àgídìngbì fẹ́ wá, òórùn kòkó Cadbury ni ẹ ó gbọ́, ebi á sì tún pa ẹni tó ti jẹun kó tó kúrò nílé. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan èéfín jẹnẹrétọ̀, gọ́tà tó kún, àti ẹrẹ̀ tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu géètì kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ní àwọn ọdún 1950, ni wọ́n ti la ilẹ̀ yìí sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́. Ọdún 1967 ló tó di ara Ìpínlẹ̀ Èkó. Títì náà ń jẹ́ orúkọ C. D. Akran, ọba Àgbádárìgì, tó ṣe mínísítà ní Ìbàdàn láyé ẹgbẹ́ òṣèlú Ọlọ́pẹ. Táyà, ọtí, oògùn àti irin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí ibẹ̀. Dunlop tó ń ṣe táyà ti palẹ̀ mọ́, àmọ́ àwọn kọ̀ńdọ̀ ṣì ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń ti ibẹ̀ jáde lálẹ́.

Ìwé ni mo bá wá ní tèmi, iṣẹ́ ìwé kò sì kéré níbẹ̀ rárá. Ní ojúlé 52 ni Learn Africa wà, ilé-iṣẹ́ tí a fi orúkọ Longman mọ̀ láti 1961 títí di 2011. Ọ̀dọ̀ wọn ni Aláwìíyé ti ń jáde, ìwé tí J. F. Ọdúnjọ kọ, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi mọ ìwé Yorùbá kà. Ní Àgídìngbì ni Daily Times gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ sí láyé tí ìwé ìròyìn rẹ̀ ń wọ ilé gbogbo. Ní Orẹ̀gún, Literamed ń ṣe Lantern Books, àwọn ìwé ọmọdé pẹlẹbẹ aláwọ̀ mèremère tó wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Ibi tí mo ń lọ kéré ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Olùkọ́ obìnrin kan ní Agége kọ ìwé kan ní Yorùbá fún àwọn ọmọ kíláàsì kejì àti ìkẹta, lórí òòrẹ̀ àti àwọn ẹranko tó bá a ṣọ̀rẹ́. Ojú-ewé 24 ni. Owó ara rẹ̀ ló fi ń tẹ ẹ̀dà 2,000, ó sì fẹ́ kó jáde kí àwọn ọmọ tó wọlé ní oṣù Kẹsàn-án. Ó gbà kí n wá wò ó bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kìkì pé kí n má dárúkọ òun tàbí ìwé náà. Onílé-ìtẹ̀wé bẹ irú ẹ̀bẹ̀ kan náà. Mo gbà.

Nígbà tí mo rin títì náà tán, mo wọ dánfó dé Ògbà, mo sọ̀ lẹ́bàá Acme Road, mo yà sí òpópónà kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó. Kò sí pátákó níwájú ilé ìtẹ̀wé náà. Ẹ̀yìn ilé àwọn onípíọ́ọ̀ wọ́tà ló wà, ariwo rẹ̀ ló mú mi débẹ̀: ohun kan ń fa èémí, ó ń gbá, ó ń fa èémí, ó ń gbá, kò sinmi, kò sì yára. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n to ríìmù bébà sí lórí pákó kí omi má baà kàn án, wọ́n sì fi ọ̀rá dúdú bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Inú ilé náà gbóná ju ìta lọ. Páànù ni òrùlé, kò sí àjà lábẹ́ rẹ̀. Fáànù mẹ́ta ló so kọ́ lókè, kò sí èyí tó ń yí nínú wọn. Mo bi ọ̀gá tó ń darí ẹ̀rọ bóyá wọ́n ti mú iná lọ.

“Iná wà,” ó ní. “Bí a bá tan fáànù, á máa gbé bébà.”

Bàbá Maṣíìnì ni gbogbo wọn ń pè é. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, ó fa àkísà sẹ́yìn ìgbànú, ìka rẹ̀ sì dúdú dé oríkèé kejì. Òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀, àmọ́ kì í jẹ́ kó kán sórí bébà. Bó bá ti kù díẹ̀, á fi èjìká nù ún. Òórùn íǹkì, kẹrosíìnì àti irin gbígbóná wọra wọn níbẹ̀, ó sì ń gun orí ẹni tí kò bá tíì mọ́ra. Ọmọkọ́ṣẹ́ méjì ń kó bébà fún un. Wọ́n ń fẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kí atẹ́gùn lè wọ àárín rẹ̀, wọ́n ń gbá etí rẹ̀ mọ́ tábìlì kó lè dọ́gba, wọ́n sì ń gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ.

Heidelberg ni ẹ̀rọ náà, GTO, láti Jámánì. Ó ju àwọn ọmọkọ́ṣẹ́ méjèèjì lọ lọ́jọ́ orí. Àwọ̀ kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà bébà kan gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin kí ojú kan tó parí: yẹ́lò, pupa, búlúù, dúdú. Wọ́n á yí i padà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ fún ojú kejì. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní pílétì tirẹ̀, awẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n wé mọ́ rólà. Omi àti epo tí kì í bára wọn rẹ́ ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ dúró lé. Ibi tí kò sí àwòrán lára irin náà gba omi, ó kọ íǹkì. Ibi tí àwòrán wà gba íǹkì, ó kọ omi. Irin yìí kì í fúnra rẹ̀ kan bébà. Róbà ló ń gba àwòrán lára rẹ̀, róbà ló ń lọ fi lélẹ̀. Bí wọ́n bá parí àwọ̀ kan, wọ́n á fọ gbogbo rólà mọ́ pẹ̀lú kẹrosíìnì kí wọ́n tó da òmíràn sí i. Fífọ yìí ló ń jẹ àkókò.

Nígbà tí mo dé, wọ́n ti tẹ yẹ́lò, wọ́n ti tẹ pupa, wọ́n ti tẹ búlúù. Mo mú bébà kan wò. Igbó wà níbẹ̀, ewé tútù, odò, ẹtu kan tó ń mumi, òkété tó yọrí lẹ́nu ihò. Ìjàpá wà lábẹ́ igi. Láàárín wọn ni ẹranko kan jókòó sí, ó rí rúbúrúbú, àwọ̀ rẹ̀ dà bí amọ̀, kò ní ojú, ara rẹ̀ sì ń dán.

“Òòrẹ̀ nìyẹn,” ni Bàbá Maṣíìnì wí. “Ẹ̀gún rẹ̀ wà nínú dúdú.”

Ó wé pílétì dúdú mọ́ rólà. Ó fi ọbẹ pẹlẹbẹ bu íǹkì nínú agolo, ó nà án, ó tún nà án. Ó tan ẹ̀rọ. Bébà àkọ́kọ́ já sílẹ̀, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ gidi wà, ó sì fi awò kékeré kan tẹ̀ ẹ́. Mo wò ó pẹ̀lú rẹ̀. Gbogbo ẹ̀gún ló ti di méjìméjì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà dúdú kọ̀ọ̀kan ni òjìji pupa kan dúró sí. Òòrẹ̀ náà rí bí ohun tí èèyàn rí lójú àlá ibà.

Réjísítà ni wọ́n ń pe ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀, ìyẹn ni pé kí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan bọ́ sórí èkejì gẹ́lẹ́. Ewé lè yẹ̀ díẹ̀ kí ojú má rí i. Ẹ̀gún òòrẹ̀ kò ní irú àforíjì bẹ́ẹ̀. Dúdú àti funfun ló ń tò léra lára rẹ̀ láti ìdí dé orí, kò sì sí íǹkì funfun nínú ẹ̀rọ. Ojú bébà ni funfun náà, àlàfo tí àwọ̀ mẹ́ta yòókù fi sílẹ̀. Bí bébà bá yẹ̀ ní ìwọ̀n irun orí kan, pupa á ta sínú àlàfo yẹn, funfun á sì lọ.

Ìdí tó fi yẹ̀ ni òjò. Bébà ń mu ọ̀rinrin. Bó bá mu ún tán, á fẹ̀, etí rẹ̀ á sì máa jó lélẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ yẹ́lò dé ìgbà tí wọ́n fẹ́ tẹ dúdú, òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bébà kò sì fẹ̀ dọ́gba mọ́. Bàbá Maṣíìnì kò sọ̀rọ̀. Ó yí síkúrù kan. Ó tẹ bébà mìíràn. Ó wò ó. Ó yí i padà ní ìdajì. Àwọn ọmọkọ́ṣẹ́ dúró, apá wọn wà lẹ́yìn. Ó ju ohun tó lé ní àádọ́ta bébà sínú àpótí àjákù kí ó tó mi orí. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í mí, ó ń gbá, bébà sì ń já lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òòrẹ̀ kan lórí òòrẹ̀ kan, ojú dúdú méjì, imú kan, àti ẹ̀gún tó mọ́ wérewère.

Olùkọ́ náà dé ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ó rọra ń fi ẹsẹ̀ yan láàárín ẹrẹ̀, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá Maṣíìnì. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá àgbà kan tó jókòó ti ẹ̀rọ ìgé-bébà ní kọ̀rọ̀, ó sì pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ kejì yìí. Mo bi í léèrè nígbà tó dìde.

“Bàbá ló gbà mí,” ó ní. “Òòrẹ̀ àkọ́kọ́ tí a yà, ẹranko Òyìnbó ni.”

Ọmọkùnrin tó ya àwòrán wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín ìtìjú nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí, Èkó ló dàgbà sí. Nígbà tí wọ́n gbéṣẹ́ fún un, ó wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó rí ẹranko ẹlẹ́gùn-ún tó rẹwà, kékeré, imú ṣóńṣó, tó lè ká ara rẹ̀ jọ di bọ́ọ̀lù. Irú ẹranko yìí ni Beatrix Potter, òǹkọ̀wé ọmọdé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ̀ ní épírọ̀nù ní 1905 tó sì fi ṣe alágbàfọ̀, láti ìgbà náà ni kò sì tíì kúrò nínú ìwé àwọn ọmọ wọn. Ọmọkùnrin náà yà á dáadáa. Wọ́n ti tẹ ìwé àyẹ̀wò jáde. Bàbá àgbà fẹ́ gé e ni, ló bá gbé e súnmọ́ ojú.

Ó fúnra rẹ̀ sọ ìyókù fún mi. Apá Ìmẹ̀kọ ló ti wá, bàbá rẹ̀ ṣọdẹ.

“Mo ní, ‘Kí lèyí?’ Wọ́n ní òòrẹ̀ ni. Mo ní, ‘Ta ló pè é ní òòrẹ̀?’” Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó fi àlàfo gbọọrọ sáàárín wọn. “Òòrẹ̀ tí bàbá mi ń pa, bó o bá gbé e kọ́ èjìká, yóò tẹ̀ ọ́. Imú rẹ̀ kì í ṣóńṣó. Imú rẹ̀ fẹ̀ bíi ti òyà.”

“Bàbá, ẹ má bínú,” ni ọmọkùnrin náà wí láti ibi tó jókòó sí. “Mi ò rí i rí ni.”

“N kò bínú. Níbo lo ti fẹ́ rí i?”

Bàbá mú péńsùlù, ó ya tirẹ̀ sí ẹ̀yìn àjákù káàdì kan. Wọ́n ti fi sẹlótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kọ̀ǹpútà báyìí. Kò rẹwà. Orí rẹ̀ tóbi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ẹ̀gún rẹ̀ wọ́ sẹ́yìn dé ìdí, àmọ́ òòrẹ̀ ni. Olùkọ́ náà sanwó pílétì tuntun.

Ọ̀rọ̀ bàbá náà bá ìmọ̀ àwọn onímọ̀ ẹranko mu. Òòrẹ̀ tan mọ́ ìran òyà ju ìran òkété lọ. Èyí tó tóbi jù nínú òòrẹ̀ ilẹ̀ wa lè wọn ju kílò 20 lọ. Èyí kékeré tó wà nínú igbó wa kò tó kílò márùn-ún, ṣóńṣó ìrù rẹ̀ sì rí bí búrọ́ọ̀ṣì. Òòrẹ̀ kì í ta ẹ̀gún rẹ̀ bí ọfà, ohun yòówù tí a bá gbọ́ nílé àgbà. Bó bá rí ohun tó bà á lẹ́rù, á kọ́kọ́ mi ìrù, àwọn ẹ̀gún tó ní ihò nínú níbẹ̀ á sì máa dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Á fi ẹsẹ̀ gbálẹ̀. Bí onítọ̀hún kò bá lọ, á fi ẹ̀yìn sáré kọ lù ú. Ẹ̀gún tó bá wọlé á já kúrò lára òòrẹ̀, á sì kù sára ọ̀tá. Ẹkùn ti ti ibẹ̀ kú rí. Ọ̀sán ni òòrẹ̀ fi ń sùn nínú ihò, òru ló fi ń jẹ iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ẹyìn, ó sì máa ń wọ́ egungun lọ sílé láti máa họ ọ́ jẹ kí eyín rẹ̀ má baà gùn jù.

Ní ti ọ̀rẹ́, olùkọ́ náà kò purọ́ mọ́ òòrẹ̀ tó bí ẹ ṣe lè rò. Ní Ítálì, níbi tí òòrẹ̀ ńlá yìí wà pẹ̀lú, àwọn onímọ̀ ti rí i pé òun àti àwọn ẹranko mìíràn tó ń wa ihò máa ń jọ gbé inú ihò kan náà, kálukú ní yàrá tirẹ̀. Àwọn tó ń gbé ilé oníyàrá mẹ́wàá ní Agége mọ irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀.

Àti pé òòrẹ̀ kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ yìí. Kí ilé-iṣẹ́ tó dé, oko ni Agége. J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbin kòkó àti obì síbẹ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní 1907. Obì ibẹ̀ ló fa àwọn Haúsá wá, rélùwéè sì ń gbé e lọ sókè. Níbi tí iṣu àti ẹ̀gẹ́ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó, òòrẹ̀ kò ní jìnnà. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ rí i lápá ibí yìí, lẹ́bàá títì ọ̀nà oko ni yóò ti rí i, wọ́n á ti sun irun rẹ̀ kúrò, wọ́n á ti là á. Ní Kúmásì ní Gánà ńkọ́, òòrẹ̀ ni àmì àwọn Aṣáńtì. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Asante Kotoko, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1935, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ ń wọ̀ ọ́ sọ́rùn lọ pápá.

Mo bi olùkọ́ náà ìdí tó fi mú òòrẹ̀. Ó ní ọmọ kan wà ní kíláàsì òun tí kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó tì í. Kò fi kún un, n kò sì tọpinpin. Nínú ìwé náà, gbogbo ẹranko ló fẹ́ràn òòrẹ̀, kò sí èyí tó lè sùn tì í. Ẹtu gbìyànjú, ó gúnra. Òkété gbìyànjú, ó sá jáde. Ìjàpá ló kù.

Ní aago méjì, wọ́n mú iná lọ lóòótọ́. Ẹ̀rọ náà falẹ̀, ó falẹ̀, ó dúró. Ní ìṣẹ́jú yẹn ni mo tó gbọ́ òjò lórí páànù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, èéfín dísù sì gba ojú fèrèsé wọlé. Onílé-ìtẹ̀wé, tó ti wà lórí fóònù láti àárọ̀, jáde wá wo aago tó wà lára ògiri. Ó ní láti oṣù Kẹrin 2024 tí wọ́n ti fi àdúgbò àwọn sí ìpele iná tí wọ́n ń pè ní Band A, iná ti dára díẹ̀, owó rẹ̀ ni kò ṣeé fẹnu sọ. Àmọ́ iná kọ́ ló ń jẹ òun níyà jù.

“Bébà,” ó ní. “Bébà, bébà, bébà.”

Ìlú òkèèrè ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ bébà ìwé wọlé, owó dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Nàìjíríà kọ́ ilé-iṣẹ́ bébà mẹ́ta: ní Jẹ́bà, ní Ọkù-Ibòkú, ní Ìwópin lẹ́bàá ọ̀sà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìwópin ló súnmọ́ Ìkẹjà jù nínú wọn. Kò sí ríìmù kan nínú gbogbo èyí tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà tó ti ibẹ̀ wá. Mo yẹ èèpo wọn wò: èdè tó wà lára àwọn kan, n kò lè kà á.

Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, oníbàárà tó ń tẹ 2,000 kò ní agbára láti ra bébà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Olùkọ́ náà ra tirẹ̀ ní ìpín méjì. Láàárín ìpín kìíní àti èkejì, iye ti yí padà. Ó jẹ́ kí èèpo ìwé nípọn bó ṣe wà, ó dín nínípọn bébà inú kù.

Nígbà tí mo padà lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, oòrùn ti ràn, ẹrẹ̀ òpópónà ti di eruku, ẹ̀rọ sì ti bọ́ sórí ìwé ìpè ìgbéyàwó. Ìwé òòrẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Mẹ́fà ni wọ́n, wọ́n yí tábìlì gbọọrọ kan ká. Ẹni kìíní ń ká bébà, ó ń fi egungun pẹlẹbẹ kan tẹ ojú rẹ̀. Ẹni kejì àti ìkẹta ń tò ó tẹ̀ léra. Ẹni kẹrin ń fi í sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbá wáyà sí i láàárín, taa, taa. Bàbá àgbà gba gbogbo rẹ̀ ní ìkẹyìn, ó gbé e sábẹ́ abẹ, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ bọ́tìnì méjì. Abẹ náà sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Etí ìwé ogún já lulẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni ẹ̀rọ yẹn ń fẹ́ kí ọwọ́ kankan má baà wà lábẹ́ rẹ̀. Ìka bàbá pé mẹ́wàá, ó sì fi hàn mí kí n tó bèèrè.

Àwọn obìnrin yìí ń ka ìwé bí wọ́n ṣe ń tò ó, ṣùgbọ́n ojú-ewé kan náà ni kálukú wọn ń rí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìyá Ìbejì, tó ń to àárín, mọ̀ pé òkété ti sá jáde, kò mọ ohun tó lé e. Ẹni tó ń to ìparí ló ń sọ fún un.

“Ìjàpá ló wá sùn tì í,” ó ní. “Ẹ̀gún ò lè wọ igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Ó di ọ̀rẹ́ rẹ̀.”

“Kí ló gbà lọ́wọ́ ẹ̀?”

“Kò gba nǹkan kan.”

“Ìjàpá?”

“Kò gba nǹkan kan, Ìyá Ìbejì.”

Ìyá Ìbejì gbé bébà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ wò ó, kò tíì parí. Ẹ yẹ ẹ̀yìn ìwé yẹn wò dáadáa.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà kò rẹ́rìn-ín tó wọn. Ìjàpá tí a mọ̀, èyí tí Adébóyè Babalọlá kó àlọ́ rẹ̀ jọ sínú ìwé ní 1973, ẹni tí kì í wọ ihò ẹnikẹ́ni lásán ni. Bó bá ti wọlé, iṣu onílé ń bọ̀ wá tán. Àlọ́ wa kò fi bẹ́ẹ̀ pe ẹranko ní ọ̀rẹ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú wọn fẹ́ jẹ gbèsè. Mo bi olùkọ́ náà bóyá kò bẹ̀rù pé àwọn òbí á ní Ìjàpá yìí kì í ṣe ojúlówó.

“Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀,” ó ní. “Ọmọ á sì ti ka ìwé tán kí wọ́n tó ní bẹ́ẹ̀.”

Bàbá àgbà sọ láti ìdí abẹ pé òun kò ní ìjà kankan pẹ̀lú Ìjàpá, bí òòrẹ̀ bá ṣáà ti jẹ́ òòrẹ̀.

Wọ́n di ìwé náà ní ogójì ogójì, wọ́n fi bébà aláwọ̀ ilẹ̀ wé e, wọ́n so ó. Olùkọ́ náà yọ mẹ́ta sọ́tọ̀ fún ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀, torí òfin ní kí òǹtẹ̀wé fi mẹ́ta ránṣẹ́. Ìyókù wọ kórópe kan tí wọ́n ti yọ àga ẹ̀yìn rẹ̀. Mo jókòó síwájú pẹ̀lú ìdì kan lórí itan. Ó gbóná, òórùn íǹkì rẹ̀ kò tíì lọ. Láti Ògbà dé Pen, ìrìn tí kò tó nǹkan, wákàtí kan ló gbà wá: tírélà kan ti takú sójú ọ̀nà, ọlọ́pàá kan ń fi ọwọ́ ṣe ohun tí ẹnì kankan kò wò. Olùkọ́ náà ń fi ìka ka iye ilé-ìwé. Láti 2018 ni òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti sọ Yorùbá di dandan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, ti ìjọba àti ti aládàáni. Àwọn aládàáni ló ń wá ìwé kíkà jù, ó ní, nítorí ọmọ wọn kì í sọ Yorùbá nílé. Mẹ́fà ti ṣèlérí. Ìkan ti sanwó.

Afárá Pen Cinema, tí wọ́n ṣí ní 2021, gbé àwọn ọkọ̀ kan kọjá lókè, gbogbo ìyókù sì wà nílẹ̀ pẹ̀lú wa. Ní ọjà Agége, ata, ẹja gbígbẹ, bàtà òkìrìkà, oúnjẹ ajá, aṣọ ilé-ìwé aláwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n fi kọ́ bí àsíá. Ojú irin kò jìnnà. Ọkọ̀ ojú irin Red Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹwàá 2024, fọn fèrè, ẹnì kankan kò yí orí. Obìnrin tí a wá rí wà lábẹ́ agbòòrùn aláwọ̀ méjì, ìwé yí i ká dé orúnkún: ìwé ìṣirò, Bíbélì, ìwé àdúrà, káàdì a-b-d. Ìwé ọmọdé wà níwájú, Ìjàpá ló sì gba ìlà àkọ́kọ́.

Olùkọ́ náà gbé ogún kalẹ̀. Tó bá tà ni ìyáàfin náà yóò tó sanwó. Ó bẹ̀ ẹ́ kó gbé e síwájú.

“Àǹtí, ibẹ̀ yẹn ni Ìjàpá wà. Ìjàpá ló ń tà.”

“Ìjàpá wà nínú eléyìí náà, mà.”

Obìnrin náà ṣí i, ó wá Ìjàpá, ó rí i. Ó gbé ẹyọ méjì síwájú, ó kó ìyókù sẹ́yìn.

A kò tíì kúrò níbẹ̀ tí ìyá kan dúró, ó di ọmọbìnrin kan mú lọ́wọ́, ọmọ náà kò ju ọdún méje lọ. Ìwé ìṣirò ni wọ́n bá wá. Ọmọ náà na ìka sí èèpo ìwé tuntun.

“Mummy, kí lèyí?”

Ìyá rẹ̀ wò ó, ó wo obìnrin ọlọ́jà.

“Òòrẹ̀ ni,” ni ọlọ́jà wí.

“Ṣé ó máa ń gé èèyàn jẹ?”

“Rárá o, ọmọ mi. Àwa la máa ń jẹ ẹ́.”

Olùkọ́ náà fi ọwọ́ bojú. Ọmọ náà kò gbé ìka rẹ̀ kúrò. Ó ń ka ẹ̀gún náà lọ́kọ̀ọ̀kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó dé mọ́kàndínlógún, ó ṣìnà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bi ọlọ́jà pé èló. Ọlọ́jà ní ẹgbẹ̀rún méjì. Ìyá ní ẹgbẹ̀rún kan ó lé igba. Ọlọ́jà gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ, ó fi ṣe abẹ̀bẹ̀, ó ní kí wọ́n fọwọ́ kan bébà rẹ̀ wò, pé kì í ṣe ayédèrú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.